Bọ́ọ̀lù Àárín: Màmá Ẹ́sítà Bí Mo Ṣe Mọ̀ Ọ́n

Lọ́jọ́ tí a sin màmá àgbà mi, àlùfáà kan dìde ní Mahintedo, ìlú wa létí òkun, ó ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sétí gbogbo èèyàn. Ó ní Ẹ́sítà jẹ́ oníwà tútù. Ó ní ìyá ọ̀pọ̀ ni. Nígbà tó dé ibi tó ti wí pé ẹnu rẹ̀ kò bú ẹnikẹ́ni rí, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn èèyàn lórí bẹ́ǹṣì, láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. Àbúrò ìyá mi fi ìborùn bo ojú, kì í sì í ṣe ẹkún ló ń sun.

Mo mọ̀ pé a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Ṣùgbọ́n bí òkú tí mò ń sọ yìí bá gbọ́ pé mo pe òun ní oníwà tútù, yóò bi mí pé ta ni mò ń bá wí. Obìnrin tó le bí igi ẹ̀gbà ni, èyí tó ń hù nínú omi iyọ̀ tí àáké kì í tètè wọ̀. N kò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Tẹ́níìsì ni mo fẹ́ràn. Láti kékeré ni mo ti ń lé eré náà kiri: nínú rédíò, nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n fi ń wé ẹja, nínú tẹlifíṣọ̀n ilé aládùúgbò tí mò ń yọjú wò láti ojú fèrèsé. Mo mọ ìwọ̀n pápá, mo mọ gíga àwọ̀n, mo mọ bí a ṣe ń di rákẹ́ẹ̀tì mú lóríṣiríṣi ọ̀nà. Gbogbo ohun tí mò ń lé kiri yìí, ẹni tó mọ̀ ọ́n jù lọ ní gbogbo etí òkun wa ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú mi, kò sì kọ́ mi ní nǹkan kan. Nítorí náà, màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Òun náà kò fẹ́ ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, á gé e lẹ́nu. "Ohun tí mo ṣe ni kí ẹ yìn," ló máa ń wí. "Ìwà mi kò gba ife rí."

Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ tó bá na ọwọ́ òsì sí àgbà á jẹ ìgbátí, òun náà sì jẹ ìgbátí títí tó fi kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀tún gba nǹkan, tí a ń fi ọ̀tún kí èèyàn, tí a ń fi ọ̀tún jẹ púpùrú. Àmọ́ òsì yẹn kò kú. Nígbà tó dàgbà, ó sọ ọ́ di èdè. Bí inú rẹ̀ bá dùn sí ọ, ọ̀tún ni yóò fi gbé abọ́ fún ọ. Bí ẹ bá ń jà, òsì ni, yóò sì dúró tì ọ́ títí wàá fi gbà á. Nínú ilé wa, ọwọ́ rẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ wò kí a tó wo oúnjẹ, kí a lè mọ ẹni tó wà nínú wàhálà lọ́jọ́ náà. Bàbá mi, ọkọ ọmọ rẹ̀, sọ fún mi pé láti ọjọ́ ìgbéyàwó òun, òun kò tíì rí ọ̀tún rẹ̀ kí òun mọ̀ bó ṣe rí. Ìyàwó pásítọ̀ wá kí i nígbà kan, Màmá na òsì sí i. Obìnrin náà fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó rọra béèrè bóyá Màmá gbàgbé ni. Màmá ní òun kò gbàgbé.

"Ọ̀tún ni mo fi ń bẹ èèyàn," ló wí. "Òsì ni mo fi ń borí wọn."

Kò sí ohun tó wà nínú ilé rẹ̀ tí kò fi ọ̀dà pupa sàmì sí. Ìlà kan, gbọọrọ, bí ìlà pápá. Ó wà lára àga rẹ̀, lára garawa rẹ̀, lára ṣíbí, lára ìdí ìkòkò, lára fìtílà, lára apẹ̀rẹ̀ tó fi ń kó ẹja ṣàwá sórí ààrò. Adìẹ rẹ̀ ń rìn kiri Mahintedo pẹ̀lú ọ̀dà lẹ́sẹ̀. Ọmọ-ọmọ tó bá mu omi nínú ife rẹ̀, kó yára fọ̀ ọ́ kó sì dá a padà sí ojú ibi tó wà, nítorí ó mọ apá ibi tí etí ife náà kọjú sí. Ìyá mi sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun fi kóòmù rẹ̀ ya irun. Màmá gba kóòmù náà, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì lórí orúnkún, ó fún ọmọ rẹ̀ ní ìdajì kan, ó ní kó lọ fi ọ̀dà tó bá wù ú kun ún. Ìyá mi ṣì ní ìdajì kóòmù yẹn. Kò fi ya irun rí. Nígbà tí àwọn ọmọ kóra jọ láti bá Màmá sọ̀rọ̀ pé ìwà yìí ti pọ̀ jù, pé àwọn ará àdúgbò ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì dá wọn lóhùn ní gbólóhùn kan. "Ilé tí gbogbo nǹkan ti jẹ́ ti gbogbo èèyàn ni mo ti dàgbà. Mo ti pín tèmi tán."

Ilé tó ń wí ni Ayétòrò. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e kúrò ní Etikan wá síbẹ̀, nígbà tí ìlú náà ṣì jẹ́ tuntun, tí gbogbo ará ìlú ń jẹun láti inú ìkòkò kan. Kò sí ẹni tó ní ọkọ̀ tirẹ̀, kò sí ẹni tó ní àwọ̀n tirẹ̀. Ohun tí apẹja pa, ohun tí ahunṣọ hun, ohun tí gbẹ́nàgbẹ́nà kàn, ibì kan náà ni wọ́n ń kó wọn jọ sí, ibẹ̀ náà ni oúnjẹ àti aṣọ ti ń jáde fún oníkálukú. Àwọn ọmọbìnrin ń gbé nínú ilé tiwọn. Nínú ilé náà, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu ọmọdé kì í sọ: "tèmi". Bí ọmọ bá ní "ṣíbí mi dà?", àgbà tó bá wà nítòsí á ní "ṣíbí wa". Wọn kì í nà án. Wọ́n á kàn dúró síbẹ̀, wọ́n á máa wò ó, títí yóò fi tún un sọ.

Òyìnbó kan tó wá bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe ló fi rákẹ́ẹ̀tì méjì sílẹ̀ nígbà tó ń lọ. Bàbá Jòsáyà, olórí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ti rí eré náà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, òun ló sì gbé e rù. Ìṣòro rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ilẹ̀. Ẹrẹ̀ ni etí òkun wa, níbi tí kì í bá ṣe ẹrẹ̀ yanrìn ni. Ẹ ju bọ́ọ̀lù sórí èyíkéyìí nínú méjèèjì kí ẹ wò ó: yóò kú síbẹ̀ ni. Ni Bàbá Jòsáyà bá kan pápá bí wọ́n ṣe ń kan ojú ọ̀nà ìlú, pákó lórí òpó, omi lábẹ́. Ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ ló fi fa ìlà rẹ̀. Àwọn apẹja ló hun àwọ̀n tó dá a sí méjì. Okùn rákẹ́ẹ̀tì nígbà náà, ìfun ẹran ni, afẹ́fẹ́ iyọ̀ sì tètè ń jẹ ẹ́. Nígbà tó já, wọ́n fi okùn ìwọ̀ ẹja ńlá rọ́pò rẹ̀, wọ́n lọ́ ọ ní méjì-méjì kí ó lè le. Kí igi rákẹ́ẹ̀tì má bàa wọ́ nítorí ọ̀rinrin, irin tí wọ́n fi ń fún pákó ọkọ̀ pọ̀ ni wọ́n fi ń mú un ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti bi gbogbo àgbà tí mo mọ̀ tó tẹ pákó yẹn rí. Lónìí òkun ti gbé pápá náà lọ, òun àti àdúgbò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló ń kọjá níbi tí ìlà ẹ̀yìn wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí pákó ṣe fún eré wọn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bọ́ọ̀lù kì í dìde dáadáa lórí pákó. Bí pákó bá gbẹ, bọ́ọ̀lù á yọ̀ tẹ̀rẹ́. Bí pákó bá tutù, á rá nílẹ̀ bí akàn. Bó bá bọ́ sí àlàfo, ó di inú omi, ọlọ́kọ̀ kan á lọ ṣà á nígbà tí omi bá fà. Nítorí náà, àwọn obìnrin Ayétòrò kọ́ láti máa gbá a kí ó tó kanlẹ̀. Wọ́n á sáré wá sí iwájú, lẹ́bàá àwọ̀n, wọ́n á pàdé rẹ̀ lófuurufú. Ẹ́sítà ló mọ̀ ọ́n jù nínú wọn. Ó ń di rákẹ́ẹ̀tì mú bí èèyàn ṣe ń di àáké mú, kì í sì í yí ọwọ́ padà, yálà àtẹ́lẹwọ́ ni yóò fi gbá a ni o tàbí ẹ̀yìn ọwọ́. Kì í fa apá sẹ́yìn. Ó kàn ń dí bọ́ọ̀lù lọ́nà, bí ìgbà tí èèyàn pa ilẹ̀kùn mọ́ àlejò lójú. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo bi í pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀ kó lè rí i dáadáa. Kò gbé ojú sókè nídìí ẹja tó ń yí lórí ààrò.

"Bọ́ọ̀lù tó bá ti kanlẹ̀," ló wí, "ti di ti gbogbo ayé."

Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló bá mi gbá a. Arákùnrin ìyá mi ra rákẹ́ẹ̀tì fún mi láti Òkìtìpupa, mo gbé e dé iwájú rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, ó wo bí mo ṣe dì í mú, ó bi mí ṣé ọbẹ̀ ni mo fẹ́ rò. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó yá, ó bá mi lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tòun ti ìró lára, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún. A na okùn sí àárín igi méjì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ eré yìí, ẹ mọ ohun tí ọlọ́wọ́ òsì máa ń fi bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ṣe: ó gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, bọ́ọ̀lù náà wá bíi pé àyà mi ló ń bọ̀, ó sì yà sí òsì mi, ó gbé mi jáde sínú koríko. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣe é títí. Òun kò kúrò lójú kan. N kò rí ayò kan jẹ, kódà nígbà tí omi ti ń bọ́ lójú mi, tí olùkọ́ kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ fún un pé Màmá, ọmọdé ni, ẹ fún un ní ọ̀kan. Ó gbé rákẹ́ẹ̀tì mi padà fún mi, òsì ni ó fi gbé e.

"Bí mo bá fún ọ ní ọ̀kan," ló wí, "báwo lo ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ?"

Ọdún méjì ló lọ sí ìdíje àwọn obìnrin ní Ìbàdàn lóun nìkan, ọdún méjèèjì ló sì borí gbogbo ẹni tó bá pàdé. Wọ́n gbé ife tó gbà sí gbọ̀ngán ìlú, wọ́n ní ife wa. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, ọmọ tó bá ka ẹsẹ Bíbélì dáadáa ni wọ́n ń fi bu omi fún mu. Èyí kò bí i nínú. Ẹni tó bá rò pé nítorí ife ló ṣe bá wọn jà nígbẹ̀yìn, kò mọ̀ ọ́n.

Ọdún kẹta ni wọ́n ní kó lọ pẹ̀lú Dọ̀káàsì, kí àwọn méjèèjì gbá a pa pọ̀. Ilé ọmọbìnrin kan náà ni wọ́n ti dàgbà, ẹní wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Dọ̀káàsì jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ara rẹ̀ fúyẹ́, ẹnu rẹ̀ sì tutù.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ tẹ́níìsì, ẹ fara balẹ̀ fún mi díẹ̀. Nígbà tí ẹni méjì bá dúró ní apá kan, bọ́ọ̀lù àárín ni ọ̀tá wọn. Bí àwọn méjèèjì bá lọ sí i, wọ́n á kọlu ara wọn. Bí àwọn méjèèjì bá fi í sílẹ̀, ó lọ nìyẹn. Níbi gbogbo láyé, ẹni tó bá fẹ́ gbá a á pariwo pé "tèmi", ẹnì kejì á sì yà fún un. Ní Ayétòrò, ta ni yóò sọ ọ́? Bàbá Jòsáyà wá dá ọgbọ́n kan: orúkọ ẹnì kejì rẹ ni kí o pè. Bí Dọ̀káàsì bá rí i pé bọ́ọ̀lù yẹ Ẹ́sítà, òun ni yóò pe "Ẹ́sítà". Bó bá yẹ Dọ̀káàsì, Ẹ́sítà ni yóò pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó lè mú bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún un.

Wàyí o, apá ọ̀tún ni Ẹ́sítà ń dúró sí, Dọ̀káàsì ń dúró sí apá òsì. Ẹni tó ń lo òsì tó dúró lápá ọ̀tún, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sí àárín. Ẹni tó ń lo ọ̀tún tó dúró lápá òsì, àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ náà kọjú sí àárín. Ọwọ́ tó dára jù lára àwọn méjèèjì pàdé síbì kan náà. Ohun tó mú kí wọ́n ṣòro láti borí nìyẹn, òun náà ló sì bà wọ́n jẹ́. Màmá kò sì fi òótọ́ bá ẹnì kejì rẹ̀ lò. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń jókòó wò wọ́n nírọ̀lẹ́, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: Dọ̀káàsì ń pe Ẹ́sítà, Ẹ́sítà kì í pe Dọ̀káàsì. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. "Lórí pákó yẹn, ọmọ mi, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo là ń gbọ́."

Ní Ìbàdàn, wọ́n dé ìparí ìdíje, wọ́n sì bá obìnrin méjì láti Èkó pàdé, olùkọ́ kan àti ìyàwó dókítà kan. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n ti gbá a, bọ́ọ̀lù sì ń fò lórí rẹ̀ bí ewúrẹ́. Ìdá kìíní nínú eré náà bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí pé wọ́n gbìyànjú láti ṣe bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń ṣe. Nínú ìdá kejì, wọ́n padà sí ìwà wọn, wọ́n sáré wá sí iwájú, wọn kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ mọ́. Nínú ìdá kẹta, ó ku ayò kan kí wọ́n borí. Olùkọ́ náà gbá bọ́ọ̀lù kan kọjá lórí àwọ̀n, ó lọ sílẹ̀, ó le, ó gba àárín wọn gan-an. Àwọn méjèèjì ṣí lọ sí i. Àyè kò sí láti pe orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ́sítà kígbe pé, "Tèmi!"

Kò sí ẹni tó kà á sí ní Ìbàdàn, nítorí ohun tí gbogbo wọn ń kígbe níbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Dọ̀káàsì dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀. Ẹ́sítà gbé òsì síwájú, ó dí bọ́ọ̀lù náà lọ́nà, bọ́ọ̀lù bọ́ sáàárín àwọn ará Èkó, ó parí.

Wọ́n dé Ìgbọ́kọ̀dá, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, Dọ̀káàsì ló gbé ife náà dání. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Ayétòrò, gbogbo ìlú ti tò sórí pákó, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì na ọwọ́ láti gba ife. Dọ̀káàsì gbé e fún Bàbá Jòsáyà, ó ní Ẹ́sítà sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Bàbá Jòsáyà bi í pé ọ̀rọ̀ wo. Ó ní ẹnu òun kò lè gbé e. Orin dáwọ́ dúró.

Àwọn àgbà kò gbóná sí i. Màá sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí n sọ ọ́: ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngán, wọn kò sì béèrè ju ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọmọdé lórí ṣíbí lọ. Bàbá Jòsáyà ló béèrè.

"Ẹ́sítà, ife ta ni?"

"Ife wa ni, Bàbá."

"Ta ló borí ní Ìbàdàn?"

"Àwa ni."

Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Àwọn kan ti ń dìde. Ó wá béèrè èyí tó kẹ́yìn, ó sì dá mi lójú pé kò rò pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀. Ó ní, bọ́ọ̀lù tó parí rẹ̀ ńkọ́?

Wọ́n dúró de Màmá, bí wọ́n ṣe ń dúró de ọmọ tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tó la ẹnu, ó ní, "Ẹ gba ife. Ẹ gba orúkọ. Bọ́ọ̀lù yẹn, tèmi ni."

Bàbá Jòsáyà ní kó fi ọwọ́ sinmi kúrò nídìí rákẹ́ẹ̀tì títí yóò fi rántí bí a ṣe ń sọ ọ́. Màmá fi òsì gbé rákẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ síwájú Dọ̀káàsì. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti wọ ọkọ̀ lọ sí Mahintedo, níbi tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń gbé, kò sì padà mọ́. Ìparí eré rẹ̀ nìyẹn. Ta ni yóò wá obìnrin tó ń yan ẹja kiri nítorí tẹ́níìsì? Ìṣẹ́gun rẹ̀ kò pé iye ìka ọwọ́ kan, ó sì jẹ́ kí gbólóhùn kan gbé gbogbo ìyókù lọ.

Ẹ má rò pé mò ń yìn ín. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ro bọ́ọ̀lù yẹn. Mo ti ya pápá náà sórí yanrìn, mo ti fi òkúta ṣe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ti tì wọ́n síbí, mo ti tì wọ́n sọ́hùn-ún. Ẹni méjì ló ní ẹ̀tọ́ sí i. Ẹni tó ti ń fún èèyàn ní bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje, ṣé èyí tó kẹ́yìn kò tọ́ sí i? Ìgbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá, òsì ló fi gbé oúnjẹ fún mi fún odidi oṣù kan.

Kò tún béèrè ife. Kò béèrè ìyìn. Ohun kan ló ń wá títí ayé rẹ̀: kí ẹni kan ṣoṣo tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù yẹn la ẹnu sọ pé ti Ẹ́sítà ni. Ọlọ́kọ̀ kì í kọjá sí Ayétòrò kí Màmá má rán an. "Ẹ bá mi bi Dọ̀káàsì: bọ́ọ̀lù ta ni?" Ọlọ́kọ̀ á lọ, á padà, á ní Dọ̀káàsì ní kí a sọ fún un pé tiwa ni. Màmá á tutọ́ sínú omi. Ayétòrò fúnra rẹ̀ yí padà, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ní ilé tirẹ̀ àti ọkọ̀ tirẹ̀, ìdáhùn Dọ̀káàsì kò yí. Ó di ohun tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń fi ṣeré láàárín ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ò tiẹ̀ lọ béèrè mọ́. Ó kàn dé, ó ní tiwa ni. Màmá bi í pé kí ni Dọ̀káàsì ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Ọkùnrin náà kálòlò. Màmá ní kó yí ọkọ̀ padà, ọkùnrin náà sì yí i padà, tòun ti èrò nínú ọkọ̀. Òun ló sọ fún mi pé, "Òkun ń sinmi nígbà míì. Ìyá yín ò mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó pè mí sẹ́bàá ibùsùn. Ó pè mí ní "ọma mi", bí àwa Ìlàjẹ ṣe ń pe ọmọ, ohun tí kì í pè mí. Mo kúnlẹ̀, mo rò pé ìre ló fẹ́ sú fún mi. Ó ní kí n lọ bi Dọ̀káàsì fúnra mi, kí n má rán ẹnikẹ́ni.

Mo lọ. Ilé Dọ̀káàsì ti di èyí tó kọjú sí òkun, nítorí àwọn ilé tó wà níwájú rẹ̀ ti lọ. Ìyá arúgbó tín-ín-rín ni, aṣọ funfun lọ́rùn. Ó fún mi ní omi mu, ó béèrè àlàáfíà gbogbo ilé, kò béèrè ti Màmá. Mo jíṣẹ́. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo retí pé yóò ní tiwa ni, bó ṣe máa ń wí. Ó ní, "Sọ fún un pé màá wá dá a lóhùn fúnra mi."

Nígbà tí Màmá gbọ́, ó ní ká gbé òun jókòó. Ó ní ká wẹ òun, ká gbé àga kan síwájú òun. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń dúró. Òkun ru ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ọkọ̀ kò lè jáde láti Ayétòrò. Mo ṣàlàyé èyí fún un lóríṣiríṣi ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn ní etí mi nìyí: "Ó ń fi àkókò ṣòfò. Bó ṣe máa ń ṣe lórí pápá nìyẹn."

Ọjọ́ ìsìnkú ni Dọ̀káàsì dé. Àlùfáà ti kàwé tán, a ti sọ pósí kalẹ̀ sínú ilẹ̀, wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bu yanrìn. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì dì í mú lápá, àgbà kan láti Ayétòrò sì ń tẹ̀ lé wọn. Ó ní kí wọ́n dúró ná. Ó wá sí etí kòtò, ó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀. Mo rí ìka rẹ̀. Ó pa wọ́n pọ̀ bí ẹni tó di àáké mú.

"Ẹ́sítà," ló pè.

Mo ti sọ fún yín ohun tí orúkọ túmọ̀ sí lórí pákó yẹn. Ẹni tó bá pe orúkọ rẹ, ó fún ọ nìyẹn. Mo wo àwọn àgbà tó mọ̀ nípa rẹ̀, àwọn náà ń wò mí. Mo rò pé Màmá ti borí.

"Ẹ́sítà," ló tún wí, "rákẹ́ẹ̀tì mi ti wà níbẹ̀ kí tìrẹ tó dé. Bọ́ọ̀lù yẹn, tèmi ni."

Àgbà tó tẹ̀ lé e tẹ̀ síwájú, ó fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ ní, "Màmá, tiwa." Ó sì dúró, bí wọ́n ṣe máa ń dúró.

"Tèmi ni mo wí," ni Dọ̀káàsì sọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu yanrìn, ó sì dà á lé màmá àgbà mi lórí, ọwọ́ òsì ló fi bù ú.